Wàrà ní Smyrna

Babáfẹ́mi da gálọ́ọ̀nù mílíìkì kan sínú ìkòkò, ó gbé e ka iná kékeré. Láti ìgbà tí wọ́n ti dín wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ kù ló ti ń ra oúnjẹ ní ilé ìtajà olówó pọ́ọ́kú tó wà ní Smyrna, ìlú tó ń gbé ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni màmá rẹ̀, tó wá kí i láti Ṣakí, fi ní òun fẹ́ tètè padà sílé.

"N ò ní fi ẹnu tèmi kún ti yín."

"Màmá, ẹ kọ́kọ́ wá wo nǹkan."

Nígbà tí mílíìkì gbóná, ó fún lẹ́mọ́ọ̀nù sí i, ó rò ó díẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Wàrà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣù jọ, omi sì yà kúrò lára rẹ̀.

Màmá sún mọ́ ìkòkò. "Òórùn yìí gan-an ni! Bí a bá ti ilé ìwé dé, iwájú igbá àwọn ìyá Fúlàní la máa ń dúró sí. Ewé ni wọ́n fi máa ń mú wàrà tiwọn ṣù, kì í ṣe lẹ́mọ́ọ̀nù. Ta ló kọ́ ẹ, ìwọ ọmọ yìí?"

"Fóònù mi ni, Màmá."

Ó sẹ́ ẹ, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó gé e, ó dín in. Màmá jẹ ẹyọ kan, ó tún mú òmíràn.

"Má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì mi o," ó wí. "Ó di ọdún tuntun."