Ẹ́ńjìnì Tó Mu Epo Pupa

Òórùn ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Gàníyù mẹkáníìkì tú ìdérí abẹ́ ẹ́ńjìnì, ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó ń retí epo dúdú tí ọkọ̀ máa ń su, àfi bí nǹkan pupa kan ṣe já bọ́ gbàà, tó dì bí ẹ̀kọ. Gbogbo abẹ́ igi máńgòrò náà ń ta sánsán. Àwọn ajá dìde. Obìnrin kan tó ń kọjá lọ sọ́jà Sakété dúró, ó fa imú, ó béèrè bóyá oúnjẹ ti jinná.

"Zacharie," ni Gàníyù wí lábẹ́ ọkọ̀, "kí lo dà sínú nǹkan yìí?"

Zacharie awakọ̀ káwọ́ sẹ́yìn. "Epo ni."

"Epo wo?"

"Epo náà ni."

"Wàlláhì, epo pupa ni! Ó ku kí o gé àlùbọ́sà sí i!"

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Òmìnira Dàhòmẹ̀ kò tíì pẹ́ nígbà náà. Àsíá tuntun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ níwájú ọ́fíìsì ìjọba, ṣùgbọ́n epo ẹ́ńjìnì kò sí ní ṣọ́ọ̀bù kankan ní Pọ́bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ Zacharie, tí àwọn èrò ń pè ní Bàbá Oníkọ́, ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ti ń gbẹ látinú oyún. Zacharie jókòó, ó rò ó. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un kó tó kú pé torí ẹ̀rọ ni àwọn òyìnbó ṣe ń kó epo pupa sọdá òkun: wọ́n ń fi í pa irin lára kó má baà ha. Àwọn òyìnbó tó ń ṣèwádìí ọ̀pẹ ní Pọ́bẹ̀ pàápàá, bí wọ́n ṣe ń gẹ ọ̀pẹ, ó ku díẹ̀ kí wọ́n pọ̀n ọ́n. Kí ló wá dé tí epo yóò fi rìnrìn àjò lọ sókè òkun kó tó padà wá nínú agolo? Ó bu epo nínú garawa ìyàwó rẹ̀, ó dà á sí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkọ̀ kò wúkọ́ rárá. Ó ń lọ geere, Zacharie sì ń fi fèrè kí gbogbo ewúrẹ́ ojú ọ̀nà. Àmọ́ òwúrọ̀ ọyẹ́ tún yàtọ̀. Ọyẹ́ ọdún yẹn, bí èèyàn bá tutọ́, itọ́ náà á ti dì kó tó balẹ̀. Epo sùn gbọnrangandan nínú ẹ́ńjìnì. Zacharie ṣáná sí i, ó kó èrò, wọn kò sì tíì dé ìdajì ọ̀nà Sakété tí irin fi ké bí ẹlẹ́dẹ̀, tó sì dákẹ́. Àwọn aláṣọ funfun tó ń lọ jọ́sìn ní Àjàṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n fi tì í dé Sakété, tí wọ́n ń kọrin. Orin inú ìwé tán, wọ́n dá tuntun sílẹ̀. Kí wọ́n tó débẹ̀, eruku ti sọ aṣọ funfun di aṣọ pupa.

Gàníyù yọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ń nu ọwọ́. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, ó ti ń tún ọkọ̀ ṣe ní Sakété kí òmìnira tó dé. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Ó ti gan pa, dẹ́rẹ́bà. Kò ní àtúnṣe. Òmíràn lo máa fi sí i."

"Ṣé ó wà?"

"Ọ̀kan wà ní Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ tó ni ín forí sọ igi, ẹ́ńjìnì yè é. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ti ń yọjú sí i. Kí ọjà Pọ́bẹ̀ tó ń bọ̀ tó ná, kó o ti fún mi lésì."

Ó wá dá iye rẹ̀. Zacharie kọ́kọ́ rò pé iye Sakété lódindi ló ń dá, tòun ti ilé ìjọba.

"Bí mo bá fi sí i, ṣé á pẹ́?"

Gàníyù wo ọkọ̀ náà láti imú dé ìdí. Ìpẹtà ti jẹ ẹ́ débi pé èrò tó bá jókòó lẹ́yìn lè máa fẹsẹ̀ ran ọkọ̀ lọ́wọ́. "Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ẹ́ńjìnì á pẹ́. Ara tó máa gbé e ni mi ò mọ̀. Ó lè ṣe ọdún mẹ́ta. Ó sì lè jẹ́ pé ibi tá a ti ń dè é mọ́ ọn ni abẹ́ rẹ̀ á ti já."

"Bí mi ò bá fi sí i ńkọ́?"

"Màá ra egungun rẹ̀. Táyà, ilẹ̀kùn, ìjókòó. Kò ní tó nǹkan, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ òfo."

Zacharie dé ilé ní Pọ́bẹ̀ nírọ̀lẹ́. Suzanne ìyàwó rẹ̀, tó ń ta epo lọ́jà, kò béèrè ọkọ̀. Garawa rẹ̀ ló béèrè.

"Bàbá Huguette, ta ló mu epo mi?"

"Ọkọ̀ ni."

Suzanne rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, omi náà kò sì wá dá mọ́. "Ẹ fẹ́ ìyàwó kejì, ẹ ò sọ fún mi. Kò bímọ, kò dáná, ó ń jẹ táyà, ó ń mu epo. Èmi tí mo bímọ fún yín ni mò ń jẹ ẹ̀kọ lásán."

"Ìyá Huguette, ọkọ̀ yẹn ló ń bọ́ wa."

"Òun ló ń bọ́ wa, àbí àwa là ń bọ́ ọ?"

Zacharie ṣí fìlà ìwakọ̀ rẹ̀, ó tún dé e. Láti ìgbà tó ti ra ọkọ̀ náà, kò sẹ́ni tó pè é ní Zacharie nìkan mọ́. Zacharie Onímọ́tò ni. Àwọn àgbàlagbà ń yà fún un lójú ọ̀nà. Bí ọkọ̀ bá lọ, kí ló kù lára orúkọ?

"Oko ọ̀pẹ bàbá wa wà ní Ìta-Jẹ̀bú," ló wí níkẹyìn. "Alphonse oníṣòwò á gbà á dógò."

Suzanne gbé garawa náà kalẹ̀. "Èyí tí ẹ̀gbọ́n yín ń jẹ?"

"Mi ò ní mo fẹ́ tà á. Dógò ni. Màá rà á padà."

"Ojú ẹ̀gbọ́n yín ni kẹ́ ẹ ti lọ sọ ìyẹn."

Ẹni tó bá gba ọ̀pẹ dógò, òun ni yóò máa kọ ẹyìn rẹ̀ títí ọjọ́ tí owó rẹ̀ bá padà. Olóko kò gbọdọ̀ ṣa èso kan níbẹ̀. Ọ̀pẹ wà lágbègbè náà tí bàbá bàbá èèyàn fi dógò, tí àwọn ọmọ-ọmọ ti hewú, tí wọ́n sì ń kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí àlejò.

Catherine, ẹ̀gbọ́n Zacharie, ni ọkọ rẹ̀ kú tó padà sílé bàbá wọn ní Ìta-Jẹ̀bú. Ẹyìn oko náà ló ń fún lépo, òun ló ń jẹ, òun ló ń wọ̀. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Àlàó! Ṣé kò sí? Mi ò gbọ́ ikọ́ ọkọ̀ rẹ."

Ó jókòó tì í, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ọkùnrin ni ọ́," ni Catherine wí. "Tìrẹ ni. Jíjẹ ni mo kàn ń jẹ ẹ́. Jẹ́ kó wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò ní pẹ́ rárá. Ṣé inú ń bí yín ni?"

"Mo ní jẹ́ kó wá, Àlàó."

Ìbá yá Zacharie lára bí obìnrin náà bá bú u. Ó ti di èsì èébú mẹ́wàá wá láti Pọ́bẹ̀, ọ̀kankan kò wúlò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Alphonse oníṣòwò dé pẹ̀lú àwọn ẹlẹ́rìí méjì àti ìgò sódàbí, ògógóró ilẹ̀ wọn. Ikùn rẹ̀ ti wọ oko tipẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ tó wọ̀ ọ́. Ó ń fọwọ́ gbá ọ̀pẹ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń gbá màlúù nídìí. Ó da ọtí sí ife, ó nà án sí Zacharie. Bó bá ti mu ún lójú àwọn ẹlẹ́rìí, ọ̀rọ̀ ti parí.

Bí Zacharie ṣe gba ife náà ni Catherine yọ láàárín ọ̀pẹ, abọ́ ẹyìn lórí rẹ̀. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tó ti jáde lọ ṣà wọ́n.

"Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá Alphonse, ṣé ó ti di tiyín?"

"Ó ku kí àbúrò yín mu tọwọ́ rẹ̀."

Catherine sọ abọ́ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó da gbogbo ẹyìn náà padà sí ìdí ọ̀pẹ. Èyí tó lẹ̀ mọ́ ìdí abọ́, ó fi ìka họ ọ́ kúrò. Ó tú etí aṣọ rẹ̀, ó mú ìwọ̀nba tó dì síbẹ̀ pé òun á sè jẹ, ó kó wọn lé e.

"Àárọ̀ yìí ni mo ṣà á," ló wí. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí lólè nínú oko bàbá mi."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó kàn ń tún ilẹ̀ ṣe ni.

Zacharie rí ẹ́ńjìnì Àjàṣẹ́ lójú inú, ó ń dán gbinrin. Ó rí abẹ́ ọkọ̀ tí ìpẹtà ti jẹ, tí wọ́n fẹ́ gbé e lé. Ó wá rí èékánná ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí epo ẹyìn ti pọ́n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà padà fún oníǹkan.

"Bàbá Alphonse, ẹ má bínú. Ẹ bá mi mu ún."

"Kí lò ń wí? Èmi tí mo gbé ikùn yìí rin ọ̀nà yìí! Ṣé kí n fi díẹ̀ lé e ni?"

"Rárá o. Ẹ ṣe é. Mi ò fi dógò mọ́."

"O ò wakọ̀ mọ́ nìyẹn!"

"Ó lè rí bẹ́ẹ̀."

Alphonse da ọtí náà sọ́nà ọ̀fun, ó kó àwọn ẹlẹ́rìí rẹ̀, ó ń bú awakọ̀ gbogbo ilẹ̀ Dàhòmẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́ tó di ìdarí ọkọ̀ mú. Títí wọ́n fi yọ sí títì, a ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

Zacharie bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ṣa ẹyìn padà sínú abọ́, ó ń fẹ́ iyanrìn kúrò lára wọn. Catherine sún mọ́ ọn.

"Ọkọ̀ rẹ ńkọ́?"

"Gàníyù á ra egungun rẹ̀."

"Kí lo wá máa ṣe?"

"Mi ò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Nígbà tí abọ́ kún, Catherine na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n Zacharie ti ṣí fìlà ìwakọ̀ rẹ̀. Ó ká a rogodo bí òṣùká, ó fi lé àtàrí, ó gbé abọ́ náà lé e. Ọrùn rẹ̀ gbọ̀n. Ó dúró títí ẹrù fi mọ́ ọn lára, ó wá tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sílé.