Ọ̀nà Ẹ̀yìn Òkè Ọ̀kà

“Kí ọmọ tí wọ́n bí lónìí tó mọ̀ ọ́n rìn, ọgbà ìgbafẹ́ orí òkè ti orílẹ̀-èdè yóò ti ṣí ní Ọ̀kà. A ó gbẹ́ irinwó àtẹ̀gùn sára àpáta yìí, a ó ri irin ìdìmú mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì, arúgbó yóò sì máa gùn ún bí ẹni ń gun pẹ́tẹ́ẹ̀sì ilé ara rẹ̀.”

Ọlọ́lá kan tó wá láti Àbújá ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ti ń lọ sílé ìwé báyìí. Ó lè fúnra rẹ̀ ka ìlérí náà lára pátákó tí wọ́n rì sí ìsàlẹ̀ òkè. Tísà Godwin, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní Ìkàrẹ́, wà láàárín èrò lọ́jọ́ ìlérí náà. Ó kọ ọ̀rọ̀ ọlọ́lá sínú ìwé pélébé kan, kò fo ọ̀rọ̀ kankan, ó sì gbà á gbọ́ bí ó ti gba Bíbélì gbọ́.

Babárìndé, bàbá tó bí Godwin, ní tirẹ̀, kò béèrè ọgbà. Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti kú. Dókítà sì ti sọ pé tòsì kò ní pẹ́ tẹ̀lé e, pé bí ó bá ṣì ń ríran dé ìgbẹ̀yìn ọdún, kí wọ́n dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tó fẹ́, ohun kan ṣoṣo ló sọ: kí òun kó àwọn ọmọ-ọmọ òun gun òkè Ọ̀kà, kí òun fi ilé tí wọ́n bí òun sí hàn wọ́n nígbà tí òun ṣì lè fi ìka tọ́ka sí i.

Naomi, àkọ́bí Godwin, ló gba ètò ìrìn àjò náà ṣe. Ó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní Àkùngbá láti ọdún méjì, ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkè ló kọ́. Ó ti kọ lẹ́tà mọ́kànlélógójì láti fi wáṣẹ́. Kò sí ẹyọ kan tó ní èsì. Ó ti wá mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó ní òun yóò ṣe nǹkan àti ẹni tó ṣe é. Ó mú àárín oṣù kẹjọ, nítorí pé òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nígbà náà, àpáta kì í yọ̀ púpọ̀, Samuel àti Mary, àwọn àbúrò rẹ̀, yóò sì wà nílé fún ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ó kọ aago tí wọn yóò wọkọ̀ sílẹ̀, ó kọ omi, ó kọ iṣu sísè, ó kọ bàtà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò wọ̀.

Godwin ní kí wọ́n ní sùúrù. Ó ní òun ti gbọ́ láti ẹnu ẹni tó mọ̀ pé Kérésìmesì ni wọ́n máa ṣí ọgbà náà, pé kò bójú mu kí èèyàn mú arúgbó gun àpáta nígbà tí àtẹ̀gùn kù díẹ̀ kó parí.

“Dádì,” ni Naomi wí, kò sì gbé ohùn sókè, “ojú Bàbá ò lè dúró de Kérésìmesì.”

Lọ́jọ́ kejì ó wọkọ̀ lọ sí Ọ̀kà láti wo àtẹ̀gùn tó kù díẹ̀ kó parí. Ó ka mọ́kàndínlógún. Lókè ìkọkàndínlógún, wọ́n fi ọ̀dà funfun fa ìlà sára àpáta níbi tí ogún ì bá wà, ewé sì ti ń hù lójú ìlà náà. Ọkùnrin ẹ̀ṣọ́ kan tó ń jẹ́ Hussain jókòó lábẹ́ igi káṣú, ó ní ọgbà ti wà ní títì.

Naomi bi í pé kí ni wọ́n tì.

“Àǹtí,” ni Hussain wí, ó ń rẹ́rìn-ín, “ohun tí wọn ò tíì kọ́ ni.”

Naomi wo bí àpáta náà ṣe dúró ṣánṣán, ó ṣírò rẹ̀. Ọkùnrin alágbára mẹ́rin kò lè gbé Bàbá gba ibẹ̀. Nígbà tó padà dé Ìkàrẹ́, ó lọ bá arúgbó náà nínú yàrá, ó jókòó, ó sì tò ó fún un lẹ́sẹẹsẹ: ibi tí àtẹ̀gùn parí sí, bí àpáta ṣe ga tó, ìdí tí ìrìn àjò náà kò fi ní ṣeé ṣe. Babárìndé gbọ́ ọ tán, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ta ló ní kí wọ́n gbẹ́ àtẹ̀gùn síbẹ̀?”

“Ìjọba ni, Bàbá.”

“Ojú ibẹ̀ làwọn baba wa fi ń dá ogun padà. Nítorí pé kò sí ẹni tó lè gbabẹ̀ gòkè ni wọ́n ṣe tẹ̀dó sórí òkè yẹn. Ìyá mi pọ̀n mí, ó tún ru iṣu. Ṣé o rò pé ibẹ̀ ló ń gbà lọ sílé ni?”

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ látọjọ́ yìí?”

“Ta ló bi mí?”

Naomi wo ìwé tó kọ ètò rẹ̀ sí. Ó ti wọn gbogbo nǹkan tó ṣeé wọ̀n. Ẹni tí wọ́n bí sórí òkè, kò bi í ní nǹkan kan. Ó dùn ún wọra pé nínú ọ̀ràn yìí, ẹ̀bi kan náà ni òun àti ọlọ́lá jọ jẹ. Ó fa bírò yọ, ó ní, “Ó yá, Bàbá. Mo ń bi yín.”

Arúgbó náà ní ẹ̀yìn òkè ni ọ̀nà wà, láàárín oko iṣu. Ó ní ibi méje wà lójú ọ̀nà náà tí àwọn àgbà to òkúta jọ dé ìwọ̀n orí èèyàn, kí ẹni tó dá ru ẹrù lè rọra tì í sórí òkúta, kó sinmi, kó sì tún rù ú láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a sọ̀ ọ́. Láti òkúta dé òkúta ni Naomi tún ètò rẹ̀ ṣe. Wọn yóò so ọ̀já mọ́ Bàbá níbàdí. Godwin yóò di ẹ̀yìn mú, Samuel yóò ṣáájú. Wọn yóò sinmi nídìí òkúta kọ̀ọ̀kan, bí arúgbó fẹ́, bí ó kọ̀.

Godwin tún ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọ̀wé gbàṣẹ. Bàbá rẹ̀ ló dá a lóhùn lọ́tẹ̀ yìí.

“Godwin, lọ́jọ́ tí mo gbé ọ kọ́rùn sọdá odò lọ sílé ìwé, ṣé mo dúró de afárá ìjọba?”

Ọ̀rọ̀ gbígba àṣẹ parí síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni wọ́n lọ. Hussain rí wọn lọ́nà, ó na ọwọ́, ó rán wọn létí pé wọn kò gbọdọ̀ wọlé. Naomi kí i dáadáa. Ó ní, “Ẹ bá wọn ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà, sà. A ò ní gbabẹ̀.” Wọ́n sì yà sínú oko iṣu.

Òkúta àkọ́kọ́ ṣì dúró. Èkejì dúró. Ẹ̀kẹta ti wó, àpáta tó wà lókè rẹ̀ sì tutù, ó ń yọ̀. Babárìndé jókòó sílẹ̀, ó fi ìdí wọ́ kọjá bí ọmọ ọwọ́, ó ń bú àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Nídìí ìkarùn-ún, èémí rẹ̀ ń ké. Godwin ní kí wọ́n padà. Naomi wo aago, ó ní ogún ìṣẹ́jú sí i ni Bàbá nílò. Wọ́n dúró fún ogún ìṣẹ́jú, wọ́n sì tẹ̀ síwájú.

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n bí Bàbá sí. Ilé kò sí mọ́; ìpìlẹ̀ olókùúta ló kù, pẹ̀lú kòtò kékeré kan lára àpáta níbi tí wọ́n ti máa ń lọ ata. Babárìndé kúnlẹ̀, ó gbé ojú òsì sún mọ́ kòtò náà tó bẹ́ẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ìka hàn wọ́n, kò sì ṣe àṣìṣe: ibí ni ààrò, ibí ni ẹnu ọ̀nà, ibí ni ìyá òun ń tẹ́ ẹní sí. Ó ní kí Mary lọ dúró síbi ẹní, kí òun lè rí bí ọmọdé ṣe máa ń rí níbẹ̀. Mary lọ dúró. Arúgbó náà wò ó títí ó fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Godwin rìn dé etí àpáta, ó wo ìsàlẹ̀. Naomi lọ dúró tì í. Irinwó àtẹ̀gùn ni wọ́n ṣèlérí. Mọ́kàndínlógún ni wọ́n gbẹ́. Wọn kò ri irin ìdìmú kankan. Ọgbà náà kò ṣí, ṣùgbọ́n Bàbá ti dé ilé rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó kú.