Ìyàwó Tó Wọ Inú Kóòdù Alàgbà Ọ̀sínúbi

Ẹ jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí tán kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ yín. Oorun ọ̀sán ni mo sùn, lọ́jọ́ Sátidé, lórí tábìlì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé. Mi ò mu nǹkan kan ju gààrí àti omi tútù lọ. Ẹni tó bá ní ọtí ló ń pa mí, kó lọ bi ìyàwó mi.

Kí àlá náà tó lè yé yín, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí mo gbé sọ́kàn sùn. Ilé ìwòsàn ojú kan wà ní Abẹ́òkúta tí mi ò ní dárúkọ, èmi ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Àwọn dókítà kan ń bọ̀ láti òkè òkun lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún ogójì èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Màámi ti forúkọ sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ojú wọn ọ̀tún ti lọ, tòsì náà ti ń ṣe bàìbàì, dókítà sì ti sọ fún mi pé bí a bá fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ìyẹn náà yóò lọ. Agogo mẹ́rin ọ̀sán Sátidé náà ni a ó ti ìwé orúkọ pa. Mo ti tẹ orúkọ ogójì náà jáde ní ìgbà mọ́kànlá, màámi ò sí níbẹ̀.

Ẹ lè ní kí n fọwọ́ kọ wọ́n sí i. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣókálẹ̀, ti kéde pé orúkọ tí kọ̀ǹpútà kò bá mú jáde kì í ṣe orúkọ, àgàgà tó bá jẹ́ orúkọ ìyá òṣìṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ti fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ há àárín ìwé rí, ariwo náà sì dé etí àwọn tó jù ú lọ. Láti ìgbà náà ni òdodo ti wá di iṣẹ́ rẹ̀.

Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà, ni mo di gbogbo ẹ̀bi náà rù. Ètò tó ń yan àwọn aláìsàn, Alàgbà Ọ̀sínúbi ló kọ ọ́ ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn kó tó fẹ̀yìntì, èdè kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Pẹ́ẹ̀lì ló sì fi kọ ọ́. Èmi ò gbọ́ Pẹ́ẹ̀lì dáadáa. Páítọ̀nù ni tèmi, èdè àwọn ọmọ ìwòyí. Kí n wó ilé bàbá náà lulẹ̀ kí n tún un kọ́, oṣù mẹ́fà ni ìbá gbà mí. Mo wá gbọ́n ọgbọ́n kan. Mo kọ apá tuntun ní Páítọ̀nù, mo sì tì í wọ inú Pẹ́ẹ̀lì, kí èdè kan máa jíṣẹ́ nínú ikùn èdè kejì. Ó ṣiṣẹ́. Mo tilẹ̀ fi yangàn fún yín ní káńtíìnì, ẹ rántí. Àfi màámi nìkan ni kò rí.

Orí ọ̀rọ̀ yìí ni mo wà tí mo gbé orí lé tábìlì díẹ̀. Lójú àlá, mo bá ara mi ní ọ́fíìsì, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa bá wúkọ́.

"Fọlárìn, dìde jàre," ló wí. "Ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà."

Mo dìde. Ọdún márùn-ún ni mo ti bá ẹ̀rọ yẹn ṣiṣẹ́, kì í tẹ ìwé kó má kọ́kọ́ wúkọ́. Pé ó wá sọ̀rọ̀ kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu díẹ̀ ni pé ohùn ará Ìjẹ̀bú ló fi sọ ọ́, a kúkú rò pé ará Ṣáínà ni.

Mo wo ìta lójú fèrèsé, mo rí i pé ọ́fíìsì ti kúrò nílẹ̀. Ó léfòó sí òkè odò Ògùn, wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ń gun àkàbà wọlé, wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé pé àwọn tètè dé. Kò sẹ́ni tó béèrè bí a ṣe dé ojú ọ̀run. Ohun tí wọ́n ń ráhùn lé lórí ni pé a fi káńtíìnì sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ́fíìsì náà wá di agboolé. Alàgbà Ọ̀sínúbi fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀, èdè tó fi kọ̀wé ló jókòó síbẹ̀: Bàbá Pẹ́ẹ̀lì, arúgbó onírùngbọ̀n funfun kan tí kò lè sọ gbólóhùn kan kó má há àmì mẹ́ta mẹ́rin sí i láàárín. Gbogbo ọmọ ilé rẹ̀ ló dé fìlà, torí nínú Pẹ́ẹ̀lì, orúkọ kì í jáde lórí òfo, àmì kan gbọ́dọ̀ ṣíwájú rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ ìyàwó wá sínú ilé òun láìbéèrè lọ́wọ́ òun. Mo ní èmi ni, sà. Ó ní kò burú, ó ti ṣẹlẹ̀ ná, kí wọ́n lọ bu omi wá.

Ìyàwó wọlé. Páítọ̀nù ni. Ó mọ́ tónítóní, ó sì ń rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin, bí àyè mẹ́rin tí a máa ń fi sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá fi ara gbún un tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ di mẹ́ta, á jókòó sílẹ̀, á ní òun ò lọ mọ́ títí wọn yóò fi dá a padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí a ṣe ń ṣe fún ìyàwó. Omi náà ń kán sílẹ̀ gba àárín pákó, apẹja kan nínú odò sì ń bínú nísàlẹ̀ pé ìdọ̀tí ẹsẹ̀ ta ni wọ́n ń dà sí òun lórí.

Gbogbo nǹkan ń lọ geere títí Bàbá fi gbé iṣẹ́ lé ìyàwó lọ́wọ́. Ó ní kó pe àwọn ọmọ ilé lórúkọ, kó tò wọ́n sórí ìlà, ogójì péré. Ìyàwó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Mo bá wọn nílé ni, bàbá," ló wí. "Ẹni tí wọ́n bá ti bí kí n tó wọlé yìí, ọkọ mi ni. Mi ò lè pe ọkọ mi lórúkọ."

Inú Bàbá dùn débi pé ó gbàgbé láti fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyí, òun ti rò pé àwọn èdè ìwòyí ò mọ̀wà hù. Èmi ní tèmi, ara mi ti ń gbóná, torí mo mọ ohun tó ń bọ̀. Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í fún olúkúlùkù ní orúkọ tuntun. Ó pe ọ̀kan ní Adúmáadán, ó pe ọ̀kan ní Eyínfúnjowó. Ọjọ́-Orí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà, tó jẹ́ igi lẹ́yìn ọgbà fún gbogbo ètò náà, ó pe ìyẹn ní Bàbá Kékeré. Bó ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ṣí fìlà, wọ́n ń bọ́ sórí ìlà. Kò pẹ́ tí kò fi sí ẹnì kan nínú ilé náà tó tún rántí orúkọ tí wọ́n sọ ọ́.

Àárín wọn ni mo ti rí màámi. Wọ́n jókòó sórí àga oníke, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n dojú kọ ògiri bí ẹni pé ibẹ̀ ni fèrèsé wà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sì ń pe orúkọ wọn gan-an: Dọ́káàsì Ẹfúnbọ́lá Ṣóyẹmí. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Màámi yíjú sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Ta ni wọ́n ń pè yẹn?" ni wọ́n bi í. "Ẹ bá wọn wá a o, kí ipò rẹ̀ má bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Mo sáré lọ bá wọn, mo ní àwọn ni wọ́n ń pè. Wọ́n fọwọ́ wá orí mi kiri títí wọ́n fi bà á.

"Èmi kẹ̀?" ni wọ́n wí. "Bàbá mi ló fi ìyẹn pè mí kẹ́yìn, wọn ò sì sí láyé mọ́. Lọ jẹun, ọmọ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Nínú àlá náà gan-an ni mo ti mọ̀ pé ó dùn mí, nítorí èmi náà kò rántí ìgbà tí mo gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ẹ̀rọ.

Mo gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ. Ọ́fíìsì tirẹ̀ ti já kúrò lára tiwa, ó ń dá léfòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe yẹ ọ̀gá, mo sì ní láti fò kọjá. Ọ̀gbẹ́ni Ṣókálẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi tán. Ó ní òfin ni òfin. Nígbà tó máa fi pe òfin kejì, ó ti di òbúkọ. Kóòtù rẹ̀ ṣì bá a lára mu. Akọ̀wé rẹ̀ gbé èèpo iṣu wọlé nínú àwo pẹlẹbẹ, ó fi ìnuwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá ta èèpo iṣu náà nù, ó fa ìwé orúkọ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì jẹ ojú ewé kejì," ni mo wí. "Ó ṣeé ṣe kí màámi wà níbẹ̀."

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní kí n fi ẹ̀dùn ọkàn mi ránṣẹ́ sí òun lórí ìwé, kí n ṣe é ní ẹ̀dà méje, torí ebi ń pa ìgbìmọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fò padà.

Ìyàwó nìkan ló kù tí mo lè bẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un níwájú gbogbo agboolé. Mo ní orúkọ kan péré ni mo fẹ́ kó pè, tí kò bá sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́, kó pè é wúyẹ́wúyẹ́. Ó ní kò burú, kí èmi tí wọ́n bí kọ́kọ́ pè é kí òun gbọ́. Mo la ẹnu. "Màámi" ló jáde. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo tún la ẹnu. "Màámi." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, mo fi ọwọ́ mú ètè mi kí n lè darí rẹ̀. "Màámi."

"Ṣé ẹ rí i?" ni ìyàwó wí. "Ẹ̀yin tí wọ́n bí, ẹnu yín ò gbà á. Èmi tí mo wọlé lónìí lẹ wá fẹ́ kí n ya aláìlẹ́kọ̀ọ́."

Aago ara ògiri ní kí a má bínú, òun fẹ́ ṣíwọ́ iṣẹ́, agogo mẹ́rin ti kù fẹ́ẹ́fẹ́. Wáyà já lára igi máńgòrò. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í bá odò lọ, ó dojú kọ ọ̀nà Èkó. Mo wo orí ìlà, àga màámi ti ṣófo. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, wọ́n ń fẹsẹ̀ táràrà létí odò, wọ́n ní àwọn ń wá obìnrin tí wọ́n ń pè kó má bàa pẹ́ jù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ké màámi, màámi. Gbogbo ìyá tó ń fọṣọ lẹ́bàá odò ló gbójú sókè dáhùn, àfi tèmi.

Mo jí. Omijé wà lójú mi, bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà sì ti tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi jánjàn. Agogo mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ìyàwó mi, Mojírọ́lá, ń gbálẹ̀ ní pálọ̀.

"Màmá Onínúure," ló ń wí fún màámi, "ẹ bá mi gbé ẹsẹ̀ sókè díẹ̀, kí n gbá abẹ́ àga."

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ òjò. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo pè é sí kọ̀rọ̀, mo bi í pé ta ló bá màámi kọ fọ́ọ̀mù lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní òun ni, ọjọ́ tí mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo bi í pé orúkọ wo ló kọ. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí màámi má bàa gbọ́.

"Bàbá Ìbùkún, ẹ tiẹ̀ rò ó. Kí n máa pe ìyá ọkọ mi lórúkọ gbangba níwájú èrò, kí àwọn náà sì jókòó tì mí? Ohun tí mo ń pè wọ́n ni mo kọ."

Mo ní màámi ń kọ́, ṣé wọn ò sọ̀rọ̀ ni.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti fi Màmá ṣíwájú."

Mo padà sídìí ìwé. Ní ìgbà mọ́kànlá tí mo tẹ̀ ẹ́ jáde, ibi lẹ́tà D ni ojú mi ń sáré lọ, tí mi ò bá ti rí Dọ́káàsì, mo máa ń sọ ọ́ nù. Ní nọ́ńbà kẹtàlélógún, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà: Màmá Onínúure. Ọjọ́ orí: wọ́n ti dàgbà. Pẹ́ẹ̀lì ti gbé e fún Páítọ̀nù, Páítọ̀nù ti gbé e padà fún Pẹ́ẹ̀lì, àmì ohùn kan kò já bọ́ láàárín wọn. Èmi ni mo wà níbẹ̀ tí mo ń wá ẹlòmíràn.

Mo rò ó pé lọ́jọ́ Ajé, nọ́ọ̀sì kan yóò dúró sẹ́nu ọ̀nà, yóò sì pè é láàárín èrò. Mo fẹ́ gbọ́ bí yóò ṣe dún. Mo gbé ìwé náà sókè, mo kà á jáde.

"Òo," màámi jẹ́ láti pálọ̀. "Ta ló ń pè mí?"