Nọ́ńbà Tí Harlan Fún Verna

Ní ìlú kékeré tí wọ́n ń gbé ní Minnesota, kì í ṣe nǹkan tuntun kí èèyàn ri òkúta ibojì rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tó ṣì ń jẹun dáadáa. Harlan Tveit, tíṣà ìṣírò tó ti fẹ̀yìn tì, ri tirẹ̀ lóṣù tó kọjá. Orúkọ rẹ̀ àti ti Verna ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, àti 333333331. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ ẹ pé: “Fún Verna, nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín, àfi oókan àti òun fúnra rẹ̀.”

Verna sunkún nígbà tó rí i. Látọdún mọ́kànlélógójì tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkùnrin yìí kò la ẹnu sọ̀rọ̀ ìfẹ́ rí. Ẹ̀bùn àkọ́kọ́ rèé, nọ́ńbà ni, Verna sì fi tayọ̀tayọ̀ gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bó ti ń mu kọfí, ó fa ẹ̀rọ ìṣírò yọ kó lè gbádùn ẹ̀bùn rẹ̀. Ó fi eéjì pín in, kò lọ. Ó fi ẹẹ́ta pín in, kò lọ. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn títí ó fi dé orí mẹ́tàdínlógún.

“Harlan, mẹ́tàdínlógún pín nọ́ńbà mi o! 19607843 ló fún mi, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan.”

“O ṣì í tẹ̀ ni.”

“Ìwọ wá tẹ̀ ẹ́.”

Harlan mú bébà, ó pín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta. “Ṣùgbọ́n mo yẹ 31 wò, mo yẹ 331 wò, mo yẹ 3331 wò, títí dé èyí tó ní ẹẹ́ta méje! Kò sí èyí tó ṣeé pín níbẹ̀.”

“Èyí tó ní mẹ́jọ wá ńkọ́?”

“Mo rò pé bí àwọn yòókù ṣe rí lòun náà máa rí.”

Wọ́n ránṣẹ́ pe Duane, agbẹ́kùúta tó gbẹ́ òkúta náà, tí Harlan kọ́ ní ìṣírò nígbà kan. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Tíṣà, òdo lẹ fún mi lórí irú èyí! Ẹ ní àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí.”

“Òdo yẹn tọ́ sí ọ. Lọ pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀.”

“Torí kí ni?” Verna bi í. “Kó fi símẹ́ǹtì dí ẹẹ́ta kan. Ṣebí ìwọ fúnra rẹ lo yẹ oní-méje wò.”

“Nọ́ńbà tí wọ́n lẹ̀? Rárá o. Orúkọ wa nìkan ti tó.”

Ó dun Verna wọra. Kí ló kàn án pẹ̀lú mẹ́tàdínlógún?

“Ó dáa, fẹnu sọ ọ́ fún mi nígbà náà. Ṣé o fẹ́ràn mi?”

Harlan rò ó dáadáa. Olóòótọ́ èèyàn ni, wàhálà rẹ̀ gan-an sì nìyẹn.

“Ọdún mọ́kànlélógójì yìí jọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n o ṣẹ̀ṣẹ̀ fojú ara rẹ rí i, Verna, àpẹẹrẹ kì í ṣe ẹ̀rí.”

Duane tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Verna fọ ife kọfí rẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wá yíjú sí i.

“Duane, òkúta ẹnì kan ṣoṣo, ọjọ́ mélòó ló máa gbà ọ́?”