Eku Onílà Mẹ́ta

4.

…torí náà mo gbé e. Gíráàmù mẹ́tàdínlógún péré. Mo gbé e kúrò nínú àgò funfun, mo fi í sínú àgò pupa.



1.

ÌKÌLỌ̀ LẸ́NU Ọ̀NÀ YÀRÁ ẸRANKO
Ẹ fọwọ́.
Ẹ má sọ eku lórúkọ.
Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mọ àgò tó ń gba oògùn àti èyí tó ń gba omi iyọ̀ lásán. Ọwọ́ Dókítà ni ìwé tó sọ ọ́ wà. Ọjọ́ kẹwàá la ó ṣí i.

2.

Èmi ni mò ń tọ́jú wọn. N kò bímọ rí, mo ti di bàbá ẹni méjìlá. Bàbá Eku ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. A ń po ìyẹ̀fun kan mọ́ omi wọn kí ìfun wọn lè wú, ká lè mọ̀ bóyá abẹ́rẹ́ tuntun á wò ó sàn. Àwa la kó wọn sí àìsàn, àwa náà la ń sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Mẹ́fà nínú pupa, mẹ́fà nínú funfun. Tàdáwà ni mo fi ń fa ìlà sí ìrù wọn, látorí ìlà kan dé mẹ́fà. Lọ́jọ́ méjì méjì ni mo ń tún un fà. Wọ́n máa ń lá a kúrò.

3.

Àbúrò mi obìnrin, tí àìsàn ìfun yìí kan náà ń ṣe, lórí fóònù:

*Bọ̀dá mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá lónìí, ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti di ọ́fíìsì mi, ẹni tó bá fẹ́ rí mi kó kanlẹ̀kùn. Wọ́n ní tí abẹ́rẹ́ yín bá yege lára eku, mo wà lára àwọn tí wọ́n á kọ́kọ́ fún. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yín.*

4, lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọjọ́ kẹrin. Onílà mẹ́ta ti àgò funfun ká jọ sí kọ̀rọ̀, ó dorí kodò bí àbúrò mi gẹ́lẹ́. Mo sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀. Àwọn ti àgò pupa ń dán, wọ́n ń jà lórí oúnjẹ. Ta ló tún fẹ́ sọ fún mi pé kì í ṣe pupa ló ń gba oògùn?

Mo fi onílà mẹ́ta ti pupa dípò rẹ̀. Ìlà mẹ́ta, ìlà mẹ́ta. Ta ni yóò mọ̀?

5.

ONÍLÀ MẸ́TA, ÀGÒ FUNFUN
Ọjọ́ 5: gíráàmù 20
Ọjọ́ 6: 18
Ọjọ́ 7: 16
Ọjọ́ 8: ó kú

6.

Ọjọ́ kẹwàá.

DÓKÍTÀ: Mo ti ṣí ìwé náà.
BÀBÁ EKU: Pupa ni, àbí, Dókítà?
DÓKÍTÀ: Funfun. Látọjọ́ kìíní.
BÀBÁ EKU: Ẹ jẹ́ kí n wò ó.
DÓKÍTÀ: Ọ̀kan sì ti kú níbẹ̀. O mọ òfin wa. Tí ẹyọ kan bá kú lábẹ́ oògùn, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Lọ kọ ìwé ikú rẹ̀ wá.

7.

Èyí tó kú, omi iyọ̀ ló fi ọjọ́ mẹ́rin gbà kí n tó gbé e débi oògùn. Dídán tó ń dán, ojú lásán ni. Inú ti bàjẹ́.

Èmi nìkan ló mọ̀.

8.

Onílà mẹ́ta tèmi wà nínú pupa. Oògùn ọjọ́ mẹ́rin péré ló gbà: gíráàmù mọ́kànlélógún. Ó ń jẹun. Àwọn márùn-ún tó yí i ká ti wó lulẹ̀ sórí ẹ̀jẹ̀ ara wọn.

9.

TÍ N Ò BÁ SỌ: abẹ́rẹ́ náà kú.
TÍ MO BÁ SỌ: iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi; wọ́n á da gbogbo rẹ̀ nù, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eku tuntun. Oṣù mẹ́ta.

*Bọ̀dá, ṣé wọ́n ti ṣí i? Ẹ̀ẹ̀mejìdínlógún. Mo lè fara dà á títí dé oṣù tó ń bọ̀.*

10.

ÌWÉ IKÚ ẸRANKO
Àgò: funfun
Àmì: ìlà mẹ́ta
Ohun tó pa á: èmi

Tàdáwà ìrù eku ni mo fi kọ ọ́. Dókítà ti ń kanlẹ̀kùn. Kò tíì gbẹ.