Ìwé Mẹ́jọ Nípa Mo-ti-mọ̀

Abẹ ẹ̀rọ ìgéwèé já wálẹ̀, ó gé páálí mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, Mo-ti-mọ̀ sì gbá àgékù rẹ̀ dànù láìwolẹ̀. Páálí ẹ̀yìn ìwé ló ń gé, igba géérégé. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń ṣe iṣẹ́ ìdìwé. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀. Òun rò pé oyè ni.

Àpòòwé kan tí ìwé mẹ́jọ wà nínú rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá àgbà, obìnrin tí kì í tún ọ̀rọ̀ sọ, ti ní kí ènìyàn mẹ́jọ kọ bí Mo-ti-mọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀: àwọn tó jù ú lọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àtàwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ sí i. Kí Mo-ti-mọ̀ fúnra rẹ̀ kà á, kí ó rò ó dáadáa, kí ó kọ ohun tó rí kọ́, kí ó sì mú un wá kí aago mẹ́rin tó lù. Ìyẹn ni ọ̀gá yóò wò kí ó tó mọ̀ bóyá yóò fi í ṣe olórí ilé ìdìwé.

Bí ó ti ń gé páálí ló ń kà á. “Ọwọ́ rẹ̀ yá; etí rẹ̀ ló lọ́ra.”

“Ìlara,” ló wí.

“Mo lọ sọ fún un pé gọ́ọ̀mù ti tán. Kí n tó dárúkọ gọ́ọ̀mù, ó ti lé mi jáde.”

“Awakọ̀ nìyí. Kò tilẹ̀ mọ̀wé kọ.”

“Ó máa ń dáhùn ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi í.”

Nígbà tó ka ìkẹjọ tán, ó ti pín wọn sí òkìtì méjì: ti àwọn onílara, àti ti àwọn aláìmọ̀wé. Òkìtì kẹta kò sí.

Aránwèé, obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ rán ìwé pọ̀, wọlé. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, páálí yẹn—”

“Mo ti mọ̀.”

“Ẹ ò tíì gbọ́ o!”

“Àbúrò, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń gé páálí.”

“Ó dáa náà. Ẹ máa gé e lọ.” Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó káwọ́ gbera.

Mo-ti-mọ̀ gé e tán. Ó fa bébà kan yọ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: “Mo ti kà á. Kò sí tuntun níbẹ̀.” Lẹ́yìn náà ló gbé páálí kan lé ìwé tí wọ́n ti rán. Ojú ìwé yọ síta yíká, bí ikùn àgbàlagbà tó wọ ẹ̀wù ọmọdé.

“Ta ló yí ìwọ̀n padà?”

“Oníbàárà ni, láàárọ̀ yìí. Ohun tí mo wá sọ nìyẹn. Ẹ ní ẹ ti mọ̀.”

“Kí ló dé tí o ò pariwo?”

“Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ẹ kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Tèmi wà lára mẹ́jọ yẹn. Òkìtì wo lẹ kó o sí?”

Mo-ti-mọ̀ lọ sí yàrá ẹrù. Ó gbé páálí tuntun jáde. “Sọ ìwọ̀n náà tán,” ló wí.

“Ẹ fi ìka méjì kún òró rẹ̀—”

“Mo ti—”

“Ẹ̀gbọ́n!”

Ó fi eyín di ètè mú. Obìnrin náà sọ ọ́ tán, Mo-ti-mọ̀ sì gé igba mìíràn. Igba ti àkọ́kọ́ di ẹrù akólẹ̀.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú márùn-ún nígbà tó gbé bébà míràn síwájú ọ̀gá: “Ènìyàn mẹ́jọ sọ pé n kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. N kò gbà. Igba páálí ni mo fi ṣòfò kí n tó gbà.”

Ọ̀gá kà á. “Ní ti ipò olórí yẹn—”

Mo-ti-mọ̀ la ẹnu, ó pa á dé.

“Aránwèé ni mo fún. Láti ọ̀la lọ, ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ ti máa gba iṣẹ́.”

Mo-ti-mọ̀ bèèrè: “Ṣé ẹ ti sọ ọ́ tán, mà?”

“Mo ti sọ ọ́ tán.”

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.