Àga Tó Kẹ̀yìn Sọ́nà

Títí di òní, kò tíì yé mi dáadáa bí ibi tí wọ́n fi òdòdó yí ká ṣe lè máa ba èèyàn lọ́kàn jẹ́. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn, èmi náà ti bi ara mi títí.

Bàbá mi ni mò ń wí, Alfa Abdulmajeed, tí wọ́n fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní kéwú ní Ìwó níbí. Ìyá mi kú ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, láti ìgbà náà ni Bàbá ò ti jẹun gidi mọ́. Ojúde tí wọ́n máa ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́, ìjọba ti gé e mọ́ títì tí wọ́n ń fẹ̀. Dókítà yẹ̀ wọ́n wò, kò rí àrùn kankan. Ó ní ìbànújẹ́ ni, ó ní kí n máa gbé wọn lọ síbi tí igi àti atẹ́gùn tútù bá wà.

Ẹ̀gbọ́n mi Múyìíwá, tó ń gbé ní Kàdúná, sì ti fi ọjọ́ sí i. Tó bá fi di ìparí oṣù tí Bàbá ò bá tíì jẹun, òun á wá gbé wọn lọ. Ta ni wọ́n mọ̀ ní Kàdúná? Ta ni yóò máa pè wọ́n ní Alfa níbẹ̀? Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ̀ pé tí wọ́n bá lọ, òkú wọn ni wọn yóò gbé padà wálé.

Ni mo bá rántí ọgbà ìgbafẹ́ tuntun tó wà lẹ́yìn ọjà. Ọgbà náà rẹwà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Wọ́n to íntálọ́ọ̀kì sójú ọ̀nà, wọ́n gbin òdòdó pupa sínú koríko, wọ́n sì fi símẹ́ńtì ri àwọn àga mọ́lẹ̀ létí ọ̀nà, gbogbo wọn kọjú sí òdòdó. Lẹ́yìn ìrun àlàásárì, màá fi kẹ̀kẹ́ Màrúwá gbé Bàbá lọ, màá fi wọ́n jókòó, màá sì padà síbi tí mo ti ń ta aṣọ. Tí ọjọ́ bá rọ̀, màá wá mú wọn.

Ọ̀sẹ̀ kan pé, ẹ̀kọ tí wọ́n ṣì ń fi tipátipá mu tẹ́lẹ̀, wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orí mi dàrú. Ṣé atẹ́gùn náà ti pọ̀ jù ni? Mo gbé wọn sórí àga mìíràn, kò yàtọ̀. Mo tiẹ̀ rò ó pé bóyá àlùjànnú ló ń gbé ìdí òdòdó yẹn.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Bàbá lanu sọ̀rọ̀ nínú kẹ̀kẹ́.

"Kareemah, pe Múyìíwá kó wá gbé mi. Ìwó ti gbàgbé mi."

"Ta ló gbàgbé yín, Bàbá?"

"Mò ń gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á rìn dé ẹ̀yìn mi, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á sì kọjá. Kò sẹ́ni tó ń kí mi. Kí ni mo ṣe fún wọn?"

Inú bí mi, mi ò lè sùn. Bàbá tó kọ́ ìlú ní kéwú! Ilẹ̀ mọ́, mo so ìró mi le, ó di ọ̀dọ̀ Fàtímọ̀ tó ń ta èlùbọ́. Ọmọ kéwú Bàbá ni, inú ọgbà yẹn ló sì ń gbà lọ sílé lójoojúmọ́.

"Ṣé bí o ṣe ń kọjá lára bàbá mi láìkí wọn nìyẹn?"

Fàtímọ̀ ń wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí wa. Ṣé ẹ̀yìn ni kí n ti máa kí Alfa? Mo fẹ́ bọ́ síwájú wọn lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀ṣọ́ ní mi ò gbọdọ̀ tẹ koríko."

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn, mo dìde, mo lọ. Ojoojúmọ́ ni. Mo rò pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jókòó bẹ́ẹ̀ ni, pé wọn ò fẹ́ rójú èèyàn."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi Bàbá jókòó, mo sì lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọlábánjí, ẹ̀ṣọ́ ọgbà. Ọkùnrin kan gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì, ó dọ̀bálẹ̀ lórí íntálọ́ọ̀kì lẹ́yìn Bàbá, ó gbọn àyà rẹ̀ nù, ó lọ. Obìnrin kan kúnlẹ̀ tòun ti ẹrù lórí. Bàbá ń wo òdòdó, wọ́n sorí kọ́.

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn," ni Ọlábánjí wí. "Mo rò pé Bàbá mọ̀ ni."

Omi bọ́ lójú mi. Èmi náà ńkọ́? Ẹ̀yìn ni mò ń gbà wá fọwọ́ kàn wọ́n léjìká pé ó yá. Mi ò jókòó sórí àga yẹn rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé àpótí tí Ìyá mi máa ń jókòó lé fọ abọ́ lọ. Mo gbé e sétí ọ̀nà, mo sì fi Bàbá jókòó sórí rẹ̀, kí wọ́n kọjú sí àwọn tó ń bọ̀. Ọlábánjí ní òfin ò gba àga ilé. Mo ní kó wá mú mi. Ó wo Bàbá, ó sì gba apá ibòmíràn lọ.

Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ dé. Ó kúnlẹ̀. Bàbá tẹjú mọ́ ọn.

"Fàtímọ̀ tó máa ń sùn lórí wàláà?"

"Èmi ni, Alfa. Ojoojúmọ́ ni mò ń kí yín. Ẹ̀yìn yín ni mò ń kúnlẹ̀ sí."

Bàbá wo àga símẹ́ńtì yẹn, wọ́n wo Fàtímọ̀, wọ́n tún wo àga. "Ẹsẹ̀ yín ni mò ń gbọ́ nígbà náà?"

"Ẹsẹ̀ wa ni, Alfa."

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ méjì nígbà tí a délé.

Ìparí oṣù pé, Múyìíwá gbé ọkọ̀ dé láti Kàdúná. Mo mú un lọ sí ọgbà tààrà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Bàbá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé yàrá tó ti tún ṣe dè wọ́n.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni Bàbá wí. "Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ fẹ́ kí mi."

Múyìíwá wẹ̀yìn, ó rí èèyàn mẹ́ta tó ń dúró. Ó dìde, ó sì bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.